Gbèsè Ẹni tí Ń Ya Sinimá Láàrin Ìjà

 

Nígbà tí a ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí sinimá, àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ eré ni a ó sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni irú sinimá tí kì í ṣe àròsọ, èyí tí a ń gbé kámẹ́rà lọ yà ní ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an, pàápàá ní ibi tí ẹ̀yà méjì tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ti ń bá ara wọn jà, tí ẹ̀jẹ̀ sì ti ta sílẹ̀. Sinimá ìṣẹ̀lẹ̀ ni a ó máa pè é. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: ẹni tí ó gbé kámẹ́rà wọ àárín irú ìjà bẹ́ẹ̀, kí ni ó jẹ àwọn tí ó yà? Ó jẹ gbèsè òtítọ́, èyí kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ó jẹ gbèsè ààbò pẹ̀lú. Bí gbèsè méjèèjì bá forí gbárí, èwo ni kí ó kọ́kọ́ san?

Àwọn baba wa ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni sinimá ìṣẹ̀lẹ̀ fi ní agbára lórí ọkàn ènìyàn ju ìwé ìròyìn lọ, nítorí pé ẹni tí ó wò ó a máa rò pé òun fi ojú ara òun bá a. Ṣùgbọ́n àfojúbà kọ́. Ẹlòmíràn ni ó dúró síbi tí ó wù ú, tí ó kọjú ẹ̀rọ sí apá kan, tí ó sì kẹ̀yìn sí apá kejì. Nígbà tí ó dé ilé, ó jókòó ti àwòrán ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí, ó gé e, ó so ó pọ̀, ó sì fún wa ní wákàtí kan àbọ̀. Èyí tí ó gé sọnù, ojú wa kò tó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó dá ẹjọ́ mọ ohun tí a ń pe ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ń wo sinimá kò lè mọ̀ dájú bóyá ẹnu ẹnì kan ni òun gbọ́ tàbí ẹnu méjì, àfi bí ẹni tí ó ṣe é bá jẹ́ olóòótọ́.

Ọ̀ràn gígé àti síso yìí kò ṣe àjèjì sí àwa ènìyàn dúdú. Ní 1935 ni a gbé sinimá kan jáde ní ìlú Ọba tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sanders of the River, tí ìtàn rẹ̀ dá lórí òyìnbó aláṣẹ kan ní Nàìjíríà. Àròsọ ni, ṣùgbọ́n a da àwòrán ojúlówó tí a yà ní ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ mọ́ ọn. Paul Robeson, akọrin ńlá ti Amẹ́ríkà nì, ni ó ṣe olóyè Bosambo nínú rẹ̀. Orlando Martins, ọmọ Èkó, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Robeson gba iṣẹ́ náà nítorí ó rò pé yóò fi iyì àṣà Áfíríkà han ayé. Nígbà tí a parí rẹ̀ ni ó rí i pé ìyìn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni a fi òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun kọ, ó sì kẹ̀yìn sí sinimá náà. Ìjó náà jẹ́ ìjó tòótọ́, ojú àwọn ènìyàn náà jẹ́ ojú tòótọ́, irọ́ ni a sì fi wọ́n pa.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ìlú Ọba sílẹ̀, kí a lọ sí Indonéṣíà, ilẹ̀ tí ó kún fún erékùṣù ní ìlà-oòrùn ayé, nítorí ibẹ̀ ni a ti rí ẹjọ́ tí ó ṣòro dá jù lọ. Ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1965, àwọn sójà kan ya wọ ilé àwọn ọ̀gágun ní Jakarta, wọ́n sì pa mẹ́fà nínú wọn. Àwọn ológun tí Suharto ṣe olórí wọn di ẹ̀bi náà ru ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, èyí tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ gidigidi ní ilẹ̀ náà nígbà náà. Láti ìgbà náà wọ inú 1966 ni a ń pa ènìyàn káàkiri: àgbẹ̀, olùkọ́, òṣìṣẹ́ oko ńlá, ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ obìnrin, ẹni tí ọ̀tá rẹ̀ kàn nàka sí. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé iye àwọn tí ó kú kò dín ní 500,000. Àwọn mìíràn ní ó pé mílíọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kò mú àwọn tí ó pa wọ́n dé ilé ẹjọ́. Púpọ̀ nínú wọn ni ó di alágbára ìlú.

Ní 1984 ìjọba Suharto ṣe sinimá tirẹ̀ lórí ikú àwọn ọ̀gágun mẹ́fà náà, Pengkhianatan G30S/PKI ni wọ́n pè é, ó sì gùn ju wákàtí mẹ́ta lọ. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, ni a ń fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, a sì ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé jọ láti wò ó, títí ìjọba náà fi ṣubú ní 1998. Ẹni tí ó wo sinimá yìí láti kékeré yóò mọ bí a ti pa ọ̀gágun mẹ́fà, kì yóò sì gbọ́ nǹkan kan nípa ọ̀kẹ́ àìmọye tí a pa lẹ́yìn wọn. A mẹ́nu bà á nítorí àwọn tí ó máa ń wí pé ayàwòrán kò gbọdọ̀ gbè sí ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀ ni ó jẹ́ pé apá kan ti ya tirẹ̀ ná, ó sì ti fi ipá mú gbogbo ọmọ ilẹ̀ wò ó fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Ní 2001 ni ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Joshua Oppenheimer, lọ sí àríwá Sumatra, láti ran àwọn òṣìṣẹ́ oko ọ̀pẹ lọ́wọ́ kí wọ́n ṣe sinimá nípa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀. Ó rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Àwọn òbí wọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni a pa ní 1965, àwọn tí ó sì pa wọ́n ń gbé láàrin wọn ní abúlé kan náà, wọ́n jọ ń rà, wọ́n jọ ń tà. Nígbà tí ó padà wá láti ya ìtàn àwọn tí ó ṣẹ́kù, àwọn ológun halẹ̀ mọ́ wọn pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Nígbà náà ni àwọn tí ó ṣẹ́kù gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ ya àwọn apànìyàn fúnra wọn. Ó lọ. Ó rí i pé wọn kò fi ohun kan pamọ́. Níwájú ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n ti ń fi ìpànìyàn yangàn, bí ọdẹ ti ń ka ẹran tí ó pa.

Ẹni kọkànlélógójì tí ó bá sọ̀rọ̀ ni Anwar Congo, ní ìlú Medan, ní 2005. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ọkùnrin yìí wà nínú àwọn ìpáǹle tí ń ra tíkẹ́ẹ̀tì sinimá pamọ́ tí wọ́n sì ń tà á ní ọ̀wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ilé sinimá. Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì kò fẹ́ kí a máa fi sinimá Amẹ́ríkà hàn, bẹ́ẹ̀ sinimá Amẹ́ríkà gan-an ni ó ń mú owó wọlé fún àwọn ìpáǹle náà jù lọ. Nígbà tí àwọn ológun ń wá ọwọ́ tí yóò bá wọn ṣe iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n rí. Anwar mú Oppenheimer gun orí òrùlé ilé kan, ó fi hàn án bí òun ti ń fi wáyà fún ènìyàn lọ́rùn kí ẹ̀jẹ̀ má ba à dà púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó jó. Àwa tí a wò ó kò lè gbàgbé ijó náà.

Oppenheimer wí fún Anwar àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ṣe ṣeré ní ọ̀nà tí ó bá wù wọ́n, òun yóò sì yà á. Wọ́n ṣe é bí sinimá jàǹdùkú ti Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe é bí ti kábọ́ì, wọ́n tilẹ̀ fi orin àti ijó sí i lẹ́bàá ìṣàn omi. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Sinimá tí ó ti inú rẹ̀ jáde ní 2012 ni The Act of Killing.

Ibí yìí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn kan wí pé ohun ìríra ni kí a fún apànìyàn ní aṣọ eré, kí ó máa fi ikú ọmọ ọlọ́mọ dánilárayá. A gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, a kò sì fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n bí Oppenheimer bá ti bá Anwar wí ní ọjọ́ kìíní, ilẹ̀kùn ìbá ti tì, ọ̀rọ̀ náà ìbá sì wà ní abẹ́ ẹní títí di òní. Ìtìjú tí ìlú rẹ̀ kò fi kàn án fún ogójì ọdún, eré tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ni ó fi kàn án. Nígbà tí a fi àwòrán ibi tí ó ti ṣe ipò ẹni tí a ń fún lọ́rùn hàn án, ó béèrè bóyá ohun tí ó ṣe òun ni ó ṣe àwọn tí òun pa. Oppenheimer dá a lóhùn pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí òun mọ̀ pé eré ni, àwọn náà sì mọ̀ pé ikú ni. Ní ìparí ó padà sí orí òrùlé kan náà. Èébì gbé e, kò sì rí nǹkan bì. Ó kú ní 2019.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, ṣé Anwar mọ ohun tí a óò fi àwòrán rẹ̀ ṣe? Ó mọ̀ pé ìpànìyàn ni a ń sọ. Kò sí ẹni tí ó tàn án lórí ìyẹn. Ohun tí kò mọ̀ ni bí ayé yóò ti rí i. Èrò tiwa ni pé ayàwòrán kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìyìn. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí inú alágbára bá dùn nìkan ni a lè ya àwòrán rẹ̀, akọrin ààfin ni gbogbo ayàwòrán yóò dà.

Ọkàn wa kò balẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ti àwọn mìíràn tí ó wà nínú sinimá náà. Aládùúgbò Anwar kan wà tí ó bá wọn ṣeré. Láàrin iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn kan fún wọn bí ìmọ̀ràn ohun tí wọ́n lè fi kún eré: pé ọkọ ìyá òun, tí ó tọ́ òun, ni a wá mú ní òru nígbà tí òun wà ní ọmọdé, pé lábẹ́ àgbá ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, pé kò sí ẹni tí ó gbójúgbóyà ràn wọ́n lọ́wọ́, àti pé òun àti baba àgbà òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n sì sin ín bí ẹni sin ewúrẹ́. Ẹ̀rín ni ó fi ń sọ ọ́, ó sì ń bẹ̀ wọ́n pé kì í ṣe pé òun ń bá wọn wí. Wọ́n dá a lóhùn pé ìtàn náà kò lè wọ inú eré. Lẹ́yìn ìyẹn ni a fi í jókòó lórí àga, tí a ṣe eré ìdálóró lé e lórí, ẹkún tí ó sì sun níbẹ̀ kò jọ ẹkún eré mọ́.

Ẹ̀yin àgbà, ta ni ó yẹ kí ó dá iṣẹ́ dúró ní wákàtí náà? Àwa kò gbà pé ẹni tí ó di kámẹ́rà mú lè wí pé òun kàn ń wò ni. Ọ̀ràn kan náà ni ti ọjọ́ tí a kó obìnrin àti ọmọdé jọ láti fi ìparun abúlé kan ṣeré. Nígbà tí a pariwo pé ó tó, àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ kan kò sì lè dákẹ́ ẹkún. Nínú àṣà tiwa, kì í ṣe gbogbo ojú ni a ń jẹ́ kí ó rí ohun gbogbo, kì í sì í ṣe ìkórìíra ni a fi ń ti ọmọdé mọ́lé. A yin sinimá náà, ó sì tọ́ sí ìyìn, ṣùgbọ́n ní ibi méjèèjì wọ̀nyí a rò pé òtítọ́ gba ohun tí kò yẹ kí ó gbà lọ́wọ́ aláìlágbára.

Àwọn onímọ̀ ìtàn tún fi ẹ̀sùn mìíràn kàn án, pé ẹni tí ó bá wo sinimá náà nìkan lè rò pé ìpáǹle díẹ̀ ni ó ṣe gbogbo rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ológun ni ó gbé e kalẹ̀, tí Amẹ́ríkà sì mọ̀. Ìwé ìjọba Amẹ́ríkà tí a ṣí sílẹ̀ ní 2017 fi hàn pé àwọn aṣojú rẹ̀ ní Jakarta ń kọ̀wé ránṣẹ́ sílé nípa ìpànìyàn náà bí ó ti ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀sùn yìí tọ́. Kò sì yẹ kí ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà fi ìpín ilé tirẹ̀ pa mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ó ṣe ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Adi Rukun, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ ojú ènìyàn wò kí ó sì bá wọn ṣe gíláàsì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ramli, ni a pa ní 1965, ní ọdún mẹ́ta kí a tó bí òun. Adi wí fún Oppenheimer pé òun fẹ́ lọ bá àwọn tí ó pa ẹ̀gbọ́n òun, kí òun sì bi wọ́n léèrè ní ojúkorojú. Oppenheimer kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí ó gbà, wọ́n yà á ní 2012, kí The Act of Killing tó jáde, nígbà tí àwọn alágbára agbègbè náà ṣì ń rò pé ọ̀rẹ́ àwọn ọ̀gá wọn ni Oppenheimer. Bí Adi bá ń lọ bá alágbára, kò ní mú ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́. Gbogbo nọ́ńbà inú fóònù ni wọ́n ti pa rẹ́. Ọkọ̀ kejì wà ní ìtòsí kí ẹnikẹ́ni má ba à tọ ipa wọn. Àwọn ará ilé rẹ̀ sì wà ní ìmúrasílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó jókòó, ó fi gíláàsì sí wọn lójú, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ríran dáadáa, lẹ́yìn náà ni ó bi wọ́n nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí a tó fi sinimá náà, The Look of Silence, han ayé ní 2014, a ti kó ìdílé Adi kúrò ní agbègbè náà lọ sí apá ilẹ̀ náà tí ó jìnnà.

Irú ìtọ́jú yìí ni a ń pè ní gbèsè ààbò. Owó ni, àkókò ni, sùúrù sì ni, kò sì sí èyí tí ó hàn nínú àwòrán.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró sí inú sinimá. Ní oṣù Kẹwàá 2012, lẹ́yìn tí àwọn olóòtú ìwé ìròyìn Tempo ti Indonéṣíà wo The Act of Killing, wọ́n rán àwọn akọ̀ròyìn káàkiri ilẹ̀ náà, wọ́n sì tẹ ẹ̀dá kan tí ó kún fún ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn apànìyàn láti ibi púpọ̀. Ohun tí a fi ojú ẹnì kan rí ní Medan, wọ́n fi ẹlẹ́rìí púpọ̀ tì í lẹ́yìn. Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ Joko Widodo jẹ́wọ́ ní gbangba pé ìrúfin ńlá sí ẹ̀tọ́ ènìyàn ṣẹlẹ̀ ní 1965 àti 1966. Kò tọrọ àforíjì.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò níbẹ̀ wá sí Palẹstínì. Ní Indonéṣíà, ìjà ti parí, ẹni tí ó borí ni ó ń pa ìtàn. Ní Palẹstínì, ìjà ń lọ lọ́wọ́ bí a ti ń ya àwọn sinimá tí a fẹ́ dárúkọ wọ̀nyí, ayàwòrán kò sì lè dúró ní ibi tí kò kàn án.

Ní oṣù kẹrin 2002 ni àwọn ológun Ísírẹ́lì wọ àgọ́ àwọn ogúnléndé ní Jenin. Wọn kò jẹ́ kí akọ̀ròyìn wọlé bí ìjà ti ń lọ. Mohammad Bakri, òṣèré ńlá tí ó jẹ́ ọmọ Palẹstínì tí ó sì jẹ́ ọmọ-ìlú Ísírẹ́lì, wọ inú àgọ́ náà lẹ́yìn ìjà, ó ya ẹkún àti ìbínú àwọn ará ibẹ̀, ó sì pe sinimá rẹ̀ ní Jenin, Jenin. Àwọn tí ó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ. Ìwádìí Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè ní ọdún kan náà rí òkú ọmọ Palẹstínì 52, ó kéré tán, tí ó lè jẹ́ pé ìdajì wọn kì í ṣe jagunjagun, àti sójà Ísírẹ́lì 23. Ìgbìmọ̀ tí ń yẹ sinimá wò ní Ísírẹ́lì fòfin de sinimá náà. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fagi lé òfin náà ní 2003. Ṣùgbọ́n sójà kan tí a rí nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ pè é lẹ́jọ́ pé a so àwòrán òun mọ́ ọ̀rọ̀ arúgbó kan tí ó ń wí pé sójà gba owó òun. Ní 2021 ilé ẹjọ́ dá sójà náà láre, ó fòfin de sinimá náà, ó sì ní kí Bakri san owó ìtanràn fún un. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fọwọ́ sí i ní 2022.

A kò bá àwọn tí ń fòfin de sinimá dọ́rẹ̀ẹ́. Ìjọba tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ akọ̀ròyìn kò ní ẹnu láti wí pé ẹni tí ó wọlé lẹ́yìn náà kò rí ohun gbogbo. Ẹkún tí Bakri yà náà jẹ́ ẹkún tòótọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ wó kò ní ìwọ̀n tí yóò fi wọn ọ̀rọ̀ kí ó tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ojú ẹnì kan ti ẹ̀sùn kan, ó yẹ kí a mọ̀ dájú pé òun gan-an ni ó dẹ́ṣẹ̀ náà, ì báà jẹ́ ọ̀tá. Gígé kan, síso kan, ni a fi fún àwọn tí ó fẹ́ pa gbogbo ẹ̀rí náà rẹ́ ní ọ̀nà láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Bil'in, àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Emad Burnat ra kámẹ́rà ní 2005 nígbà tí a bí ọmọkùnrin rẹ̀ kẹrin. Ní ọdún kan náà ni àwọn ará abúlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀họ́nú hàn lórí odi tí Ísírẹ́lì ń mọ gba àárín oko wọn. Kámẹ́rà márùn-ún ni ó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàrin ìjà náà. Guy Davidi, ọmọ Ísírẹ́lì, ni ó bá a so àwòrán náà pọ̀, 5 Broken Cameras sì jáde ní 2011. Nígbà tí a yàn án mọ́ àwọn tí ó ń du ẹ̀bùn Oscar ní 2013, àríyànjiyàn dé: sinimá ta ni? Àwọn kan ní Ísírẹ́lì kà á mọ́ tiwọn, nítorí owó láti Ísírẹ́lì wà nínú rẹ̀; Burnat ní ti Palẹstínì ni. Èyí lè dà bí ọ̀rọ̀ asán létí wa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí i kí a gbé ère ilé baba rẹ̀ sí ilé ọnà ní ìlú Ọba kò ní fi ṣe ẹ̀rín.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni No Other Land, tí ó jáde ní 2024. Basel Adra àti Hamdan Ballal, ọmọ Palẹstínì, pẹ̀lú Yuval Abraham àti Rachel Szor, ọmọ Ísírẹ́lì, ni wọ́n jọ ṣe é, lórí bí a ti ń wó ilé àwọn ará Masafer Yatta nítorí pé àwọn ológun ti sọ ilẹ̀ wọn di pápá ìdánrawò. Adra àti Abraham jẹ́ ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba, sinimá náà kò sì fi èyí pamọ́. Nọ́ńbà ọkọ̀ Abraham jẹ́ yẹ́lò, ó ń lọ sí ibi tí ó wù ú. Adra kò lè jáde ní West Bank láìgba ìwé àṣẹ. Bí alẹ́ bá lẹ́, ọ̀kan ń lọ sí ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè wó. Àwọn kan ní Ísírẹ́lì àti ní Jámánì pe Abraham ní ọ̀dàlẹ̀ tàbí ọ̀tá àwọn Júù; àwọn kan láàrin àwọn ọmọ Palẹstínì wí pé iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe irú èyí ń fi ẹwà bo àìṣòdodo mọ́lẹ̀. A ti ro ọ̀rọ̀ kejì yìí dáadáa, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ohun tí a rí ni pé sinimá náà kò ṣe bí ẹni pé ìbárẹ́ ti parí ìjà. Níwájú wa ni Adra ti ń fi inú fu ìkánjú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Wọ́n gba ẹ̀bùn Oscar ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta 2025. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà àwọn òǹtẹ̀dó lu Hamdan Ballal ní abúlé rẹ̀, àwọn sójà sì mú un lọ, a sì tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ní ọdún kan náà ni a yìnbọn pa Awdah Hathaleen, olùkọ́ kan ní Umm al-Khair tí ó ti ran àwọn ayàwòrán náà lọ́wọ́. Ìyìn gbogbo ayé kò di odi yí ẹnikẹ́ni ká.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò wí pé ilẹ̀ òkèèrè ni gbogbo èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1968 àwòrán àwọn ọmọ tí ebi ń pa ní Biafra wọ gbogbo ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àánú sì ṣe ayé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó béèrè orúkọ àwọn ọmọ náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2020, ní Lẹ́kí, ní Èkó níhìn-ín, fóònù ni DJ Switch fi han ayé bí ìbọn ti ń dún láàrin àwọn ọ̀dọ́. Lẹ́yìn náà ni ó fi ilẹ̀ wa sílẹ̀. Ọmọ gbogbo wa ni ó ní kámẹ́rà lápò báyìí. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lọ́la, ì báà jẹ́ ti oyè, ti ààlà ilẹ̀ tàbí ti ìdìbò, wọn yóò yà á kí ẹnikẹ́ni tó pe ìgbìmọ̀ jọ. Nítorí náà ni a fi bẹ ẹgbẹ́ wa pé, nígbà tí a bá ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní owó láti ya ìtàn ìjà ìlú wa àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, kí a máa bi wọ́n léèrè, kí a tó fọwọ́ sí i, orúkọ àwọn tí yóò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé, àti ohun tí a ti pèsè bí wọn kò bá lè sùn ní ilé wọn lẹ́yìn tí a bá fi sinimá náà hàn. Kí a sì fi owó ìyẹn sínú owó iṣẹ́.

Nígbà tí The Act of Killing jáde ní 2012, a to orúkọ àwọn tí ó ṣe é sí ìparí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Oppenheimer padà sí Dẹ́ńmákì, níbi tí ó ń gbé nígbà náà. Àwọn ọmọ Indonéṣíà tí ó bá a ṣe iṣẹ́ kò ní Dẹ́ńmákì kankan láti padà sí. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó darí sinimá náà pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Níbi tí orúkọ rẹ̀ yẹ kí ó wà, ohun tí a kọ síbẹ̀ ni pé aláìlórúkọ ni. Lẹ́yìn rẹ̀, aláìlórúkọ mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn. Bí orúkọ náà ti ń yí lọ sókè lójú aṣọ funfun, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni a ń kà, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, títí iná fi tàn nínú ilé sinimá.